Ìkọlù ọkàn: àwọn àmì tó yẹ kí ẹ dá mọ̀, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ dúró dìgbà tó bá dá yín lójú

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jí ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kan, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó fi lé àárín àyà. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan, oúnjẹ alẹ́ àná ni kò tíì dà. Òógùn ti mú kí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ rin gbìndìn, bẹ́ẹ̀ inú yàrá tutù. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní òun á kọ́kọ́ wẹ̀. Ó wẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè de bọ́tìnnì. Ó tún jókòó, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Wákàtí mẹ́rin ló fi bá ara rẹ̀ jiyàn kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n apá kan lára ọkàn rẹ̀ kú, kò sì lè jí mọ́. Títí dòní, bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ó gbọ́dọ̀ dúró mí ní àárín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń ṣe ẹnì kan lọ́dọ̀ yín lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ẹ fi ṣí ojú ewé yìí, ẹ má kà á lọ. Ẹ pe áńbúláǹsì báyìí, kí ẹ wá padà kà á nígbà tí wọ́n bá ti dé.

Kí ni ìkọlù ọkàn gan-an?

Ẹran ara ni ọkàn, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì mọ ìsinmi. Òun tó ń fún gbogbo ara ní ẹ̀jẹ̀, òun náà ní láti gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó yí i ká ló ń gbé e wá fún un. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ara inú àwọn òpó wọ̀nyí. Lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀rá náà lè là. Ara á rò pé ọgbẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ á sáré dì lé e lórí bó ṣe máa ń dì lójú ọgbẹ́. Dídì yẹn ló máa ń dí ọ̀nà. Apá ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Òun ni ọ̀pọ̀ wa ń pè ní háàtì àtáàkì.

Kì í kú tán lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an ni ìrètí wà. Tí ọ̀nà bá ti dí pátápátá, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni èyí tó máa kọ́kọ́ kú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tó bá fi máa di wákàtí 6, èyí tó pọ̀ jù nínú apá náà ti lọ. Tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì lè bọ̀ sípò.

Ẹ tún mọ èyí: ọ̀rá tó là lè má tíì pọ̀ tó èyí tó ń dí ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó sáré, tó rẹ́rìn-ín, tó jẹun dáadáa lánàá fi lè ní ìkọlù ọkàn lónìí.

Ṣé òun náà ni rọpárọsẹ̀? Ṣé òun náà ni kí ọkàn dáwọ́ dúró?

Rárá o. Ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ ń bá jà. Kí ọkàn dáwọ́ dúró tún yàtọ̀: ẹni náà á ṣubú, kò ní dáhùn, kò ní mí bó ṣe yẹ. Ìkọlù ọkàn lè fa ìyẹn nígbàkígbà, ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, ẹni tó ń ṣe sábà máa ń sọ̀rọ̀, á máa rìn, á tiẹ̀ máa bá yín jiyàn. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. A rò pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń kú á ṣubú lulẹ̀ ni.

Àwọn àmì wo ni kí n máa wò?

Àárín àyà ni èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí mo ti kíyè sí: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe kì í pè é ní ìrora. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé àyà ń dùn yín?" wọn á ní rárá. Wọn kò purọ́, nítorí ohun tó ń ṣe wọ́n kò jọ dídùn. Wọn á ní ó wúwo, ó há, ó dì, ó ń fún wọn, ó dà bí ẹni pé ènìyàn kan jókòó lé wọn láyà tàbí pé wọ́n fi okùn di igbá àyà wọn le. Ẹlòmíràn á ní ó ń jó òun. Nítorí náà, ẹ má béèrè ìrora nìkan. Ẹ béèrè pé, "Kí ló ń ṣe yín láyà?" kí ẹ sì wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. Bí ó bá di ẹ̀ṣẹ́ lé àárín àyà bí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Dókítà ọkàn kan ní Amẹ́ríkà, Samuel Levine, ló ṣàkíyèsí ẹ̀ṣẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà sì fi ń pè é títí di òní. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ìkọlù ló máa ṣe é o. Àìrí i kò fọkàn ẹni balẹ̀.

Ohun tó wà láyà yìí sábà máa ń ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, tàbí kó lọ kó tún padà. Ó lè ràn dé apá, pàápàá apá òsì, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún tàbí méjèèjì náà ṣeé ṣe. Ó lè gba èjìká lọ sí ẹ̀yìn, ó lè gun ọrùn dé àgbọ̀n ìsàlẹ̀, débi tí ẹlòmíràn á fi rò pé eyín ló ń dun òun. Ó lè jókòó sókè ikùn, lábẹ́ ibi tí egungun àyà parí sí, kí gbogbo ilé máa pè é ní inú rírun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń bá a rìn: mímí tí kò délẹ̀, bí ẹni pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé nígbà tó jẹ́ pé orí àga ló wà, òógùn tútù, èébì tó ń gbé e, òòyì, ara tó funfun tàbí tó dà bí eérú, àárẹ̀ tí kò ní ìdí. Nínú gbogbo wọn, òógùn tútù ló máa ń dẹ́rù bà mí jù. Bí àyà ẹnì kan bá wúwo, tí òógùn tútù sì bò ó níbi tí ooru kò sí, mi ò ní béèrè ohunkóhun mọ́.

Ọ̀kan ṣì kù tí a kì í fẹ́ gbọ́. Àwọn kan á kàn sọ pé ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé àwọn fẹ́ kú. A máa ń bá wọn wí pé kí wọ́n má fi ẹnu ara wọn sọ ohun burúkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn wí. Àmì ni ìyẹn náà. Èdè wa sì lè tan wá jẹ níhìn-ín, nítorí "àyà mi ń já" lè jẹ́ ẹ̀rù, "ọkàn mi ò balẹ̀" lè jẹ́ àníyàn, ó sì lè jẹ́ ọkàn tó wà nínú igbá àyà gan-an ni ẹni náà ń sọ. Ẹ ní kó fi ọwọ́ hàn yín.

Ṣé bákan náà ló máa ń ṣe obìnrin?

Ohun tó wà láyà ṣì ni àmì tó wọ́pọ̀ jù fún obìnrin. Ṣùgbọ́n ti obìnrin máa ń ní àwọn àmì mìíràn lára ju ti ọkùnrin lọ: kí ó má lè mí dáadáa, kí èébì máa gbé e, kí ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n máa ro ó, kí ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu láti bí ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí àyà kò bá sì dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń ka gbogbo rẹ̀ sí wàhálà ilé. Àwọn tó wà láyìíká rẹ̀ náà á kà á sí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìyá kan tó parí aṣọ fífọ̀ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò lè mí délẹ̀. Bí obìnrin tó máa ń gbé garawa omi láìsọ̀rọ̀ bá jókòó sórí àtẹ̀gùn tó ní "ó kàn rẹ̀ mí ni", tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ fetí sí i.

Ẹ má sì rò pé ọjọ́ orí ń dáàbò bo ọ̀dọ́bìnrin. Ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn lè ya fúnra rẹ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tí kò tíì dàgbà, pàápàá nígbà oyún tàbí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní ìkọlù ọkàn láìní ìrora kankan?

Ó ṣeé ṣe. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìrora jẹ́, nítorí náà ọkàn lè máa kígbe kí ara má gbọ́. Àgbàlagbà náà lè má sọ nǹkan kan nípa àyà. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ó ń mí gúlegúle lójijì, tàbí ó dákú, tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú tí kò mọ ibi tó wà. Ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ọjọ́ ogbó kì í dé láàárín wákàtí kan. Àwọn mìíràn kì í mọ̀ pé ó ṣe àwọn rí, àfi nígbà tí wọ́n bá yẹ ọkàn wọn wò nítorí nǹkan mìíràn, tí dókítà wá rí àpá rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe gáàsì tàbí ọgbẹ́ inú?

Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n nílé. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò tẹ́ ènìyàn lọ́rùn, ṣùgbọ́n òun ni òótọ́. Dókítà tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n; ó ní láti yẹ ọkàn wò, kó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń fa ọkàn wa síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ìrora tó mú bí abẹ́rẹ́, tó wà lójú kan tí ẹ lè fi orí ìka kan tẹ̀, tó ń le sí i bí ẹ bá mí sínú, sábà máa ń jẹ́ ti egungun, ẹran ara tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ọgbẹ́ inú sábà máa ń tẹ̀ lé oúnjẹ tàbí ebi. Ṣùgbọ́n "sábà" ni mo pè é. Àwọn kan wà tí wọ́n gùfẹ̀, tí ara tù wọ́n díẹ̀, tó sì jẹ́ ìkọlù ọkàn. Àwọn kan wà tí wọ́n lo oògùn ọgbẹ́ inú, tó rọlẹ̀, tó sì jẹ́ ìkọlù ọkàn. Bí ẹ bá ń lo oògùn ọgbẹ́ inú láti fi dán an wò, pé bó bá lọ a jẹ́ pé kì í ṣe ọkàn, àkókò lásán ni ẹ ń sun níná.

Bákan náà ni ìpayà òjijì. Ó lè mú àyà há, kó mú mímí ṣòro, kí òógùn bo ènìyàn. Ẹni tó ti ń ní in tẹ́lẹ̀ lè dá tirẹ̀ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, tàbí tó yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀, kí ó lọ.

Ó dé, ó sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀?

Ẹ má fi í sílẹ̀. Bí àyà bá ń há nígbà tí ẹ bá ń gun òkè tàbí gbé ẹrù, tó sì ń tú bí ẹ bá sinmi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ti há. Dókítà gbọ́dọ̀ rí yín láìpẹ́. Bí ó bá wá ń dé nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tó ń jí yín lójú oorun, tàbí tó ń dé léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí iṣẹ́ tí kò tó nǹkan ti ń fà á, pàjáwìrì ni, kódà bí ara bá ti yá yín ní báyìí. Ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìkọlù ọkàn ló rí irú àmì báyìí ní ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

Kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe?

Ẹ pe áńbúláǹsì. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe pásítọ̀ tàbí àlùfáà, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Gbogbo wọn ni ẹ lè pè tó bá yá. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, 112 ni nọ́ńbà náà. Ní Amẹ́ríkà, 911. Ní Gẹ̀ẹ́sì, 999 náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ pé, "Àyà ń wúwo fún un, mo rò pé ìkọlù ọkàn ni." Ẹ má sọ pé ara rẹ̀ kò yá lásán, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ ni wọ́n máa fi mọ bí wọ́n ṣe máa yára tó. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà dáadáa, kí ẹ má sì pa fóònù àfi bí wọ́n bá ní kí ẹ pa á.

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó sílẹ̀, kó fẹ̀yìn ti ògiri tàbí àga, kó ká orúnkún sókè. Ẹ tú ọrùn ẹ̀wù àti bẹ́líìtì. Ẹ má jẹ́ kó rìn káàkiri, kò gbọ́dọ̀ lọ wẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lọ kó ẹrù. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá gbé, ọkàn tó ń wá ẹ̀jẹ̀ ni ẹ ń kó iṣẹ́ fún.

Mo ní ọkọ̀. Ṣé kò ní yá jù kí n kàn gbé e lọ?

Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Áńbúláǹsì tó bá ní ohun èlò ti ń tọ́jú ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà yín. Wọ́n lè yẹ ọkàn wò lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì ti sọ fún ilé ìwòsàn kí wọ́n máa múra. Bí ọkàn bá sì dáwọ́ dúró nínú mọ́tò yín, kí ni ẹ máa ṣe pẹ̀lú sítíárìn lọ́wọ́?

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ibi púpọ̀ wà tí áńbúláǹsì kò sí, tàbí tí yóò pẹ́ gan-an. Níbẹ̀, ẹ gbé e lọ. Kí ẹni tó ń ṣe má wa ọkọ̀ láé, bó ti wù kó sọ pé òun lè wà á. Kí ẹnì kan wakọ̀, kí ẹlòmíràn jókòó tì í lẹ́yìn, kó máa bá a sọ̀rọ̀, kó máa wò ó bóyá ó ń mí. Ẹ sún ọkọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dípò kó rìn lọ bá a. Ẹ pe ilé ìwòsàn ṣáájú. Ẹ lọ tààrà sí ibi tó ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹ má yà sí ilé olóògùn tàbí ibi tí wọ́n kàn máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n á sì ní kí ẹ máa lọ síwájú. Ìdádúró kọ̀ọ̀kan, ara ọkàn ni wọ́n máa yọ ọ́.

Aspirin ńkọ́?

Aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì náà máa nípọn sí i. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1988, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ISIS-2, tó kó àwọn aláìsàn tó ju 17,000 lọ, fi hàn pé ikú tó wá láti ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní ọ̀sẹ̀ 5 láàárín àwọn tó lò ó. Fún oògùn tó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èrè ńlá ni.

Ẹ kọ́kọ́ pe áńbúláǹsì, kí ẹ tó wá aspirin. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fún un, 300 mg ni wọ́n sábà máa ń ní kí àgbàlagbà lò, tàbí mẹ́rin nínú hóró kékeré tó jẹ́ 75 tàbí 81 mg. Kí ó rún un lẹ́nu kó tó gbé e mì, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yára wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba aspirin, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tàbí tó ní ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tí dókítà ti kà á léèwọ̀ fún, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí apá rẹ̀ kan kò gbé mọ́. Rọpárọsẹ̀ lè ni èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Paracetamol kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ibuprofen kò lè ṣe é, ó tiẹ̀ lè pa ọkàn lára.

Bí dókítà bá ti fún un ní oògùn abẹ́ ahọ́n tẹ́lẹ̀ fún àyà, kó lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un. Ti ẹlòmíràn kò ṣeé yá. Ọkùnrin tó bá lo Viagra tàbí irú rẹ̀ láìpẹ́ kò gbọ́dọ̀ lo oògùn abẹ́ ahọ́n náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó léwu. Kí ó sọ òtítọ́ fún àwọn tó wá gbé e, kí ojú má tì í.

Wọ́n ní bí ènìyàn bá ń wúkọ́ gidi, ìkọlù á dúró. Wọ́n tún ní kí a mu omi ata.

Irọ́ ni méjèèjì, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn mọ́. Ikọ́ kò lè ṣí òpó tó dí. Àwọn dókítà máa ń ní kí aláìsàn wúkọ́ nígbà mìíràn nínú yàrá ìtọ́jú, lójú ẹ̀rọ, fún nǹkan mìíràn pátápátá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Omi ata kò ṣe nǹkan kan, ó sì lè mú kó bì. Ewu irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ju pé wọn kò wúlò lọ: ẹni tó dá wà nílé, tó yẹ kó tẹ nọ́ńbà, á jókòó á máa wúkọ́.

Ó ti ṣubú, kò dáhùn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pè é, ẹ gbọn èjìká rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ọkàn ti dáwọ́ dúró. Bí ó bá ń mí gbìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pọ̀kàkà ikú, ìyẹn kì í ṣe mímí. Ẹ fi fóònù sí ibi tí ẹ ti lè gbọ́ ohùn àwọn áńbúláǹsì tí ẹ pè, kí ẹ kúnlẹ̀ tì í lórí ilẹ̀ líle. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà, lórí egungun, ẹ gbé èkejì lé e, ẹ na apá méjèèjì tọ́ọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó 5 sẹ̀ǹtímítà, kó má ju 6 lọ. Ẹ jẹ́ kí àyà gbé ara rẹ̀ sókè padà kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ó yá ju bí ẹ ṣe rò lọ, ó sì ń rẹni. Kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2. Ẹ kò nílò láti fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹ kò bá kọ́ ọ.

Ẹ lè gbọ́ kí egungun ìhà dún. Ó bani lẹ́rù, mo mọ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Egungun á san.

Bí ẹ̀rọ AED bá wà nítòsí, èyí tó ń fi iná ta ọkàn jí, ẹ rán ènìyàn lọ gbé e wá. Ẹ̀rọ náà á máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe fún yín, kò sì ní ta ẹni tí kò yẹ kó ta. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò tẹ àyà tí ẹ̀rọ kò sì dé, nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní ń yọ kúrò nínú ìrètí pé ẹni náà á yè.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún un ní ilé ìwòsàn?

Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ àyà àti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fi ka iná ọkàn. ECG ni wọ́n ń pè é. Kì í dùn ẹni rárá, ìlànà sì ni pé kí wọ́n ti ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 10 tó bá dé. Bí ìṣẹ́jú 10 bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sì wá, ẹ dìde, ẹ tún sọ ọ́ kíkan pé àyà ló ń ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe àrífín. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láti wá troponin, èròjà kan tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹran ọkàn bá ń kú. Ó lè má tíì hàn ní wákàtí àkọ́kọ́, nítorí náà wọ́n lè tún un gbà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Bí ECG àkọ́kọ́ bá dára tí wọ́n sì ní kí ẹ dúró, ẹ dúró, ẹ má lọ sílé.

Bí òpó bá dí, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti wáyà gba ọwọ́ tàbí itan dé ọkàn, kí wọ́n fẹ́ bàlúù kékeré kan níbi tó dí, kí wọ́n sì fi stent, ọ̀pá oníhò kékeré kan, sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀nà má bàa tún dí. Aláìsàn kì í sábà sùn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Andreas Grüntzig ló kọ́kọ́ fi bàlúù ṣí òpó ọkàn ẹni tó wà lójúfò, ní Zurich lọ́dún 1977. Kó tó dìgbà yẹn, iṣẹ́ abẹ àyà ṣíṣí ló wà fún òpó tó há. Ìlànà ni pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú 90 tí ẹ bá dé. Ọ̀nà kejì, níbi tí kò sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, ni abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ó ṣiṣẹ́ jù ní wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn wákàtí 12 ọ̀pọ̀ ni kò wúlò fún mọ́. Ibi yìí ni wẹ̀ẹ́-kí-a-tó-lọ ti ń gba ẹ̀mí. Oògùn wà, dókítà wà, aago ti lọ.

Bàbá wa kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò lọ síbì kankan.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Nínú ilé tiwa, ọmọ tàbí ìyàwó kì í fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu olórí ilé, àgbà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi í pé, "Ṣé ká máa lọ?" nítorí "rárá" ni ìdáhùn. Ẹ ti pe áńbúláǹsì kí ẹ tó sọ fún un. Ẹ wá kúnlẹ̀ tì í, ẹ ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo ti pè wọ́n, wọ́n ti wà lọ́nà. Bí wọ́n bá wò yín tí kò sí nǹkan, ẹ bá mi wí nígbà náà." Kí ẹni tó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu jù bá a sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ lórí fóònù. Bí ó bá tún kọ̀, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí mo bá sáré lọ tó wá jẹ́ gáàsì lásán ńkọ́? Ojú á tì mí.

Wọ́n kọ́ wa pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín wo ló wà níbí? Nínú àwọn tó ń gbé àyà wá sí ilé ìwòsàn, ti ọ̀pọ̀ kì í ṣe ọkàn, àwọn dókítà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Wọ́n á wò yín, wọ́n á sọ ohun tó jẹ́, ẹ á máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó ń rò lórí bẹ́ẹ̀dì ni pé kí àwọn aládùúgbò má rí áńbúláǹsì lẹ́nu ọ̀nà òun. Ohun tó fi ọkàn rẹ̀ san nìyẹn.

Ta ló wà nínú ewu jù?

Ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ẹni tó sanra níkùn, ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ìwádìí INTERHEART tó jáde lọ́dún 2004, tó kó àwọn ènìyàn jọ láti orílẹ̀-èdè 52, rí i pé nǹkan mẹ́sàn-án tí a lè wọ̀n tàbí yí padà, tí àwọn wọ̀nyí wà lára wọn, ló wà nídìí èyí tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ewu ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí bàbá tàbí arákùnrin yín bá ní in kó tó pé ọdún 55, tàbí ìyá tàbí arábìnrin yín kó tó pé 65, ẹ sọ fún dókítà yín. Ẹni tó bá sì ti fi sìgá sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan, ewu tí sìgá kó bá ọkàn rẹ̀ ti dín kù tó ìdajì.

Kí ni mo lè ṣe lónìí, nígbà tí ara gbogbo wa dá?

Ẹ wá nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ẹ ń gbé, ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí ọmọdé pàápàá lè kà á. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn wo nítòsí yín ló ń ṣí òpó ọkàn tàbí tó ní abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, kó má jẹ́ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ẹ kọ orúkọ oògùn tí àgbàlagbà ilé ń lò sórí ìwé kan, kó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹni tó bá ń dá gbé, kí ó mọ̀ ọ́n báyìí pé bí òun bá ti pe áńbúláǹsì tán, ẹnu ọ̀nà ni òun ń lọ, kí òun ṣí ilẹ̀kùn, kí òun tan iná ìta, kí òun sì jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀.